Ọba Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ní Lipa, ìlú kan ní Philippines nígbà tí Spain ń ṣàkóso ibẹ̀, àwọn ènìyàn mọ ọwọ́ ìkọ̀wé Telesforo Magpantay kí wọ́n tó mọ ojú rẹ̀. Òun ni akọ̀wé ilé ìjọba ìlú. Bí wọ́n bá bímọ, bí wọ́n bá sìnkú, bí ẹnìkan bá fẹ́ bẹ gómìnà ní Manila pé kí wọ́n má ṣe gba ilẹ̀ òun, ọwọ́ Poro, bí wọ́n ṣe ń pè é, ni ìwé náà ń gbà kọjá, lẹ́tà rẹ̀ á sì tò tẹ̀léra láìsí ọ̀kan tó yẹsẹ̀. Kò ní ohun mìíràn láyé. Ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún kejì ìgbéyàwó wọn, kò fi ọmọ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀, alágbàṣe tó ń gún kọfí fún àwọn olóko ni títí tó fi kú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí Poro tó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ẹ ó rò pé òun ló ni ìlú. Olórí ìlú á fi ọwọ́ wúruwùru sí ìwé, Poro á wo ibẹ̀ bí ẹni wo ìgbẹ́ adìẹ lára aṣọ funfun, á wá bu iyanrìn lé e kí tàdáwà lè gbẹ. Báyìí ni ìṣe rẹ̀ rí. Ó máa ń gan ènìyàn, kì í sì í la ẹnu kó tó gàn wọ́n.

Nígbà tó di ọdún 1885, kọfí ti sọ àwọn olóko Lipa di olówó òjijì. Wọ́n kọ́ ilé alájà, wọ́n gbé dùùrù wá láti Europe fún àwọn ọmọbìnrin tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀, àwọn ìyàwó wọn sì ń fi òkúta iyebíye sí ojú bàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ní ọmọkùnrin á rán an lọ sí Madrid kó lọ di lọ́yà tàbí dókítà. Olóko kan, Don Sisenando Lantin, ní ọmọ tó ń jẹ́ Fulgencio, tí wọ́n ń pè ní Ensiong nílé, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, tó rẹwà, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí kò sì tíì parí ohunkóhun tó dáwọ́ lé láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Bàbá mọ ọmọ rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Poro, ó ní kó bá Fulgencio lọ sí òkè òkun, kó máa bá a kọ lẹ́tà, kó máa tọ́jú ìwé rẹ̀, kó sì máa rí i pé ó ń lọ sí kíláàsì. Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Poro nígbà náà. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun ń dúró dè ní Lipa. Kò rí nǹkan kan tọ́ka sí, ó sì gbà láti lọ.

Láti Manila, ọkọ̀ gbé wọn gba Singapore, Colombo, Aden àti Suez títí dé Marseille. Èébì ni Fulgencio fi ìdajì ìrìn àjò náà ṣe. Nígbà tí ara rẹ̀ wá yá, ó mú kálámù, ó kọ̀wé sí bàbá rẹ̀ nípa ìjì tí kò jà àti ẹja ràbàtà tí kò yọjú. Poro da lẹ́tà náà kọ kó dùn ún kà, iṣẹ́ rẹ̀ kúkú nìyẹn, ó sì yínmú sí i. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, pé yóò dàgbà kúrò nínú rẹ̀.

Ní Madrid, wọ́n bá àwọn ọmọ ìlú wọn tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Ní ilé kọfí kan ni wọ́n ti ń pàdé, wọ́n ń mu kọfí tí ẹlẹ́dẹ̀ Lipa pàápàá á kọ̀, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè. Ọ̀kan nínú wọn ti lo ọdún mọ́kànlá lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìṣègùn, kò tíì fọwọ́ kan aláìsàn rí. Àwọn mìíràn á ta káàdì láti àárọ̀, bí wọ́n bá sì ti pa wọ́n láyò tán, wọn á dìde dúró láti sọ bí Spain ṣe ń fìyà jẹ àwọn ènìyàn wọn. Poro á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, á máa wo ìbọ̀wọ́ funfun wọn. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò gàn níbẹ̀. Anacleto Gatdula ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Bulacan, kúkurú, tó ń wọ ẹ̀wù kan náà nígbà òtútù àti nígbà ooru. Òun ni olóòtú ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi gbèjà ìlú wọn, orí ìdì ìwé ìròyìn tí kò tíì tà ló sì ń sùn.

Kò pẹ́ tí Fulgencio fi gbé àpilẹ̀kọ kan fún Anacleto, nípa bí àwọn fàdá Spain ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Kí ó tó gbé e fún un, Poro ti tún un kọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni kì í ṣe ti Poro, ìyẹn náà ló burú jù. Tanglaw ni Fulgencio fi ṣe orúkọ ìnagijẹ, èyí tó túmọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ní èdè wọn. Àpilẹ̀kọ náà dé, ilé kọfí dàrú. Wọ́n kà á sókè, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dì mọ́ Fulgencio. Poro gbọ́ tí gbólóhùn tirẹ̀ ń ti ẹnu dé ẹnu, ó sì dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ọdún kan ààbọ̀ ni nǹkan fi rí báyìí. Gbogbo àpilẹ̀kọ Tanglaw, Fulgencio ló ń fẹnu sọ ohun tó wà nínú wọn, Poro ló ń kọ wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni akọ̀ròyìn Spain kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ńlá kan pé orí igi ni àwọn baba wọn ń gbé kí Spain tó dé. Ọ̀rọ̀ náà dun gbogbo wọn wọ egungun. Fulgencio dìde ní ilé kọfí, ó búra pé òun á fi ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀, òun á lọ wá ìwé àtijọ́ kiri Europe, òun á sì kọ ìwé tí yóò fi han ayé bí àwọn baba wọn ṣe gbé ayé kí àjèjì tó dé. Poro mọ̀ pé kò tíì kọjá ọ̀sẹ̀ méjì nínú kíláàsì òfin láti ọdún yẹn, kò sí nǹkan tó ń fi sílẹ̀. Síbẹ̀, ó wò ó lọ́jọ́ yẹn, kò sì yínmú. Iṣẹ́ gidi ni. Ó yẹ kí ẹnìkan ṣe é.

Wọ́n lọ sí Paris ní ọdún 1887. Ọjọ́ mẹ́rin ni Fulgencio fi jókòó ní ilé ìkàwé ńlá ibẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún ó ní eruku ń wọ òun lọ́nà ọ̀fun. Láti ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn pàtàkì ló ń lọ pàdé. Ó ra ọ̀pá ìtilẹ̀ olórí fàdákà, ó ya fọ́tò pẹ̀lú ìwé tí kò kà lọ́wọ́, ó sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Lipa. Oṣù mẹ́jọ ni Poro fi jókòó sórí àga kan ṣoṣo nínú ilé ìkàwé náà, tó ń da ìwé kọ.

Nínú àwọn ìwé tó ń dà kọ, ọ̀kan wà tí fàdá Spain kan kọ ní nǹkan bí igba ọdún ó lé sẹ́yìn, ó kó ọ̀rọ̀ Tagalog, èdè ìlú wọn, jọ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn. Fàdá náà kórìíra wọn. Ní gbogbo ojú ewé ló ti ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ àti abọ̀rìṣà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ wọn. Ó kọ orúkọ oríṣiríṣi òjò sílẹ̀. Ó kọ ohun tí wọ́n ń pe kí ènìyàn fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kó tó gun òkè ilé, hinaw, ọ̀rọ̀ kan tí Poro kò tíì gbọ́ mọ́ láti ìgbà tí ìyá ìyá rẹ̀ ti kú. Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó rò ó pé fàdá tó kórìíra wọn yìí jókòó ti àwọn arúgbó, ó tẹ́tí, ó béèrè, ó tún béèrè. Fulgencio tó ń pariwo ìfẹ́ ìlú rẹ̀, kò fetí sí ọ̀rọ̀ arúgbó kankan láyé rẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, tí Fulgencio bá ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé "àwọn ènìyàn mi," Poro á jáde kúrò nínú yàrá.

Nígbà tí òtútù mú gan-an, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá Poro dùbúlẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí kò bá ohun tó mọ̀ nípa Fulgencio mu, ó sì bà á nínú jẹ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Fulgencio kò jáde nílé fún ọjọ́ méjìlá. Ó wá ìrẹsì kiri Paris, ó sè é rọ̀ bí ògì, bí wọ́n ṣe ń sè é fún aláìsàn nílé, ó jóná mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò lójoojúmọ́, ó sì ń fi ṣíbí fún Poro ní ẹnu. Ó bọ́ ẹ̀wù olówó iyebíye rẹ̀, ó dà á bò ó. Ní ọjọ́ kan tí ibà náà le, Poro lajú, ó rí i tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ẹkún náà á wú lórí.

Nígbà tí Poro dìde, Fulgencio gbé ìwé tó ń kọ náà fún un kó dà á kọ dáadáa fún òǹtẹ̀wé. Ohun tí Poro ti kó jọ ló wà nínú orí márùn-ún àkọ́kọ́. Ìgbà tó dé orí kẹfà ló pàdé ọba kan. Gat Marilag ni orúkọ ọba náà. Ó jọba láti Batangas títí dé Borneo, ó ní ọ̀ọ́dúnrún ọkọ̀ ogun, ó ní ìbọn ńlá onídẹ, ó sì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ìràwọ̀. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé, Fulgencio kọ ibi tó ti rí i sílẹ̀: ìwé fàdá yẹn, ojú ewé igba ó lé mọ́kànlá.

Poro gbé e lọ bá a nídìí tábìlì oúnjẹ.

"Don Ensiong, níbo lẹ ti rí ọba yìí?"

"Ó ti ní láti wà, Ẹ̀gbọ́n Poro. Irú ènìyàn bíi tiwa, ẹ ní a ò lọ́ba rí?"

"Mo ní níbo lẹ ti rí i. Ojú ewé tí ẹ kọ yìí, orúkọ ẹja ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo dà á kọ. Ẹja mọ́kàndínlógójì."

Fulgencio rẹ́rìn-ín, ó ń bó èso ọsàn. "Ta ló fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò? Àwọn ará Spain ń parọ́ mọ́ wa lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí àwa náà pa ẹyọ kan."

"Àwọn ò nílò ẹ̀rí, àwọn ló ni ìbọn. Àwa, ẹ̀rí nìkan la ní."

"Ẹ ṣáà dà á kọ, ẹ jọ̀ọ́. Ara yín ò tíì le, ẹ má fi ìjà dá àìsàn padà."

Ká ní Fulgencio bú u ni, Poro ì bá ti kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó fi ìdajì ọsàn náà sínú àwo Poro. Poro jókòó, ó mú kálámù, ó kọ ọba náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì kọ ọ́ lẹ́wà ju gbogbo orí yòókù lọ.

Wọ́n tẹ ìwé náà ní ọdún 1888. Ní Madrid, wọ́n gbé Fulgencio lé èjìká. Wọ́n mu ọtí fún Gat Marilag. Ẹni tó ń kọ́ ìṣègùn láti ọjọ́ pípẹ́ yẹn dìde, ó ní òun ti mọ̀ láti kékeré pé ọba kan wà. Kò pẹ́ púpọ̀ tí lẹ́tà wá láti Leipzig ní Germany, láti ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n arúgbó kan tó ń jẹ́ Hasselbring, tó ti lo ayé rẹ̀ lórí àwọn èdè erékùṣù wọn láìdé ibẹ̀ rí. Ó ní kí Fulgencio wá bá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tòun sọ̀rọ̀.

Wọ́n lọ. Fulgencio sọ̀rọ̀ dáadáa ní èdè Faransé. Poro dúró lẹ́yìn pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí àtẹ́wọ́ parí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hasselbring dìde, ó rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onílé. Ó ní òun ní irú ìwé fàdá yẹn nílé, ẹ̀dà kan náà. Ó ní ní ojú ewé igba ó lé mọ́kànlá, ẹja nìkan ni òun rí. Ó béèrè bóyá ojú òun ti ń ṣú ni.

Fulgencio kò jẹ́ kó pẹ́ rárá. Ó yí ojú sẹ́yìn, ó na ọwọ́ rẹ̀ tó rẹwà sí Poro.

"Àṣìṣe adàwékọ mi ni," ó ní. "Akọ̀wé ìlú kékeré ni. Ó ń ṣe ìwọ̀nba tó lè ṣe."

Gbogbo gbọ̀ngàn náà bojú wo Poro pẹ̀lú àánú. Ó ti gbọ́ Faransé nígbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ yé e láìku ọ̀rọ̀ kan. Ó kó àwòrán ilẹ̀ náà ní ìdì, ó so ó, ó sì rìn jáde. Àánú àwọn ènìyàn náà ló dùn ún jù. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti pé márùndínlógójì, òun ló kọ gbogbo ohun tó dára nínú ìwé náà, wọ́n sì ń káàánú rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ nọ́ńbà kà.

Kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé Madrid. Akọ̀ròyìn tó ní orí igi ni wọ́n ń gbé kò tíì rí irú ọjọ́ ayọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ya ẹja kan tó dé adé, ó kọ Gat Marilag Kìíní sábẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ ìlú wọn bá wọ ilé oúnjẹ, ẹni tó ń gbé oúnjẹ á béèrè bóyá wọ́n á jẹ ọba tí wọ́n dín tàbí ọba tí wọ́n sè. Àwọn òtítọ́ tó wà nínú orí márùn-ún yòókù, gbogbo ohun tí Poro fi oṣù mẹ́jọ kó jọ, kò sí ẹni tó kà á mọ́.

Àwọn ọmọ ìlú pe ìpàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday kan nílé kọfí. Fulgencio ti kọ lẹ́tà kan sílẹ̀ fún àwọn ìwé ìròyìn, ó ku kí Poro fọwọ́ sí i. Lẹ́tà náà sọ pé adàwékọ ló ṣi nọ́ńbà ojú ewé kọ, pé ọba wà nínú ìwé náà níbòmíràn. Fulgencio fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí ẹni tó máa bínú sí i, kò sí ẹni tí kì í ṣe àṣìṣe, ìlú ló ń bẹ̀ ẹ́. Anacleto jókòó sí igun, ó ń wo Poro.

"N kò ṣi nọ́ńbà kọ," Poro ní. "Kò sí ọba nínú ìwé náà. Kò sí ní ojú ewé yẹn, kò sí ní òmíràn. Mo kà á láti páálí dé páálí lẹ́ẹ̀mejì. Don Ensiong ló dá a, èmi ni mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́ kó lè jọ òótọ́."

Ariwo sọ. Ẹnìkan pè é ní ẹrú Spain. Ẹlòmíràn ní kí ni ènìyàn ń retí lọ́wọ́ ọmọ agúnkọfí.

"Òótọ́ ni, kọfí ni bàbá mi gún," Poro dá a lóhùn. "Òun ló gún èyí tó gbé yín dé ibí. Ẹ ò mọ orúkọ ẹnìkan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lóko bàbá yín, ẹ wá jókòó síbí, ẹ ń wá ọba."

Ó fi lẹ́tà náà sílẹ̀ lórí tábìlì láìfọwọ́sí, ó mú fìlà rẹ̀. Fulgencio kò wo ojú rẹ̀. Ó ń yí ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

Orí àtẹ̀gùn ni Anacleto ti bá a. Poro rò pé ó wá láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni.

"O mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí ò ń kọ ọ́?" Anacleto béèrè.

"Mo mọ̀."

"Kí ló wá dé tí o fi kọ ọ́?"

Poro sọ bó ṣe rí. "Ó tọ́jú mi nígbà tí mo ń ṣàìsàn. Ó se ìrẹsì fún mi."

Anacleto pòṣé. "Ìwọ burú jù ú lọ. Òun ò mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe burú. Ìwọ mọ̀, o sì tún lẹ́tà rẹ̀ tò kó gún. Láti ọjọ́ tí o ti dé ni o ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn, tí ò ń fi imú wò wá bí ẹni tí a ń rùn sí. Ta lo rò pé o jẹ́?"

Kò sí ẹni tó tíì wo Poro bí Anacleto ṣe wò ó lórí àtẹ̀gùn yẹn. Ó mọ irú ìwò náà. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi wo ènìyàn.

Anacleto ní kó lọ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, òun á tẹ̀ ẹ́. Poro kọ ọ́. Ìlà mẹ́rìndínlógún péré ni. Ó sọ pé ọba náà kò sí, pé òun mọ̀, pé òun kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀, pé ohun tó wà nínú orí márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ òtítọ́, kí ẹni tó bá ń ṣiyè méjì lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Telesforo Magpantay, ọmọ Lipa. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ hàn nínú ìwé títẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hasselbring kọ̀wé láti Leipzig pé òun ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó sì tọ̀nà. Ní Madrid, ìdajì àwọn tó ń ra ìwé ìròyìn náà dáwọ́ dúró. Anacleto kó ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ lọ sí Barcelona, ó ní kí Poro wá máa to lẹ́tà òjé fún òun bó bá fẹ́. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà láìjọ jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Anacleto já búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó ti ìdajì rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Poro láìwò ó, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ. Àárín wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ títí ikọ́ fi pa Anacleto lọ́dún kejì.

Poro padà sí Lipa ní ọdún 1890. Àìsàn kan ti mú ewé kọfí, gbogbo oko ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọn olówó àná sì ń ta dùùrù. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn sójà Spain fi wá mú un. Wọ́n ní orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ó ní kí wọ́n ka ohun tó wà lókè orúkọ náà. Ọ̀gá wọn kò rídìí tí òun fi máa kà á.

Àtìmọ́lé ló ti gbọ́ ti Fulgencio. Fulgencio ti ṣáájú rẹ̀ dé ní oṣù mẹ́rin. Ó ti kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì Lipa lójú gbogbo ìjọ, ó fi ọwọ́ lé Bíbélì, ó búra fún fàdá pé òun kò kọ ọ̀kankan nínú àwọn àpilẹ̀kọ Tanglaw, pé akọ̀wé òun ló kọ gbogbo rẹ̀. Poro jókòó lórí ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ìrìn àjò yẹn, lẹ́yìn Madrid àti Paris àti Leipzig, ọmọ Don Sisenando ti sọ òótọ́ kan.

Wọ́n rán Poro lọ sí ìgbèkùn ní Jolo, erékùṣù kan ní gúúsù jíjìnnà. Ọdún márùn-ún ló lò níbẹ̀, nínú ibà àti iyanrìn, tó ń kọ lẹ́tà fún àwọn sójà tí kò mọ̀wé. Ibẹ̀ ló ti pàdé Basilisa, opó kan láti Nasugbu, tí ọkọ rẹ̀ kú sí ìgbèkùn náà. Ẹnu rẹ̀ mú, kò mọ̀wé, ó sì mọ ọ̀rọ̀ àtijọ́ ju ẹnikẹ́ni tí Poro tíì pàdé lọ. Poro fẹ́ ẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí ìjọba Spain ṣubú ní 1898, tí àwọn ọmọ ìlú gbé ìjọba tiwọn kalẹ̀, Poro àti Basilisa ti padà sí Lipa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Fulgencio wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ó ti sanra, ó wọ aṣọ aláṣẹ tí bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán, wọ́n ti fi í ṣe olórí ọ́fíìsì kan nítorí pé gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí Tanglaw. Ó dì mọ́ Poro, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé, omijé tòótọ́ ni. Ó ní òun ń wá ẹni tí yóò máa bá òun kọ̀wé, pé kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dára tó ti Ẹ̀gbọ́n Poro. Kò mẹ́nu ba Leipzig, kò mẹ́nu ba Jolo. Poro wò ó dáadáa, ó sì rí i pé kì í ṣe pé ó ń tijú láti mẹ́nu bà á. Ó ti gbàgbé ni.

Poro gbà. Ó ní àdéhùn kan péré ni òun fẹ́, kí òun máa kọ ohun tí Fulgencio bá sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, òun kò ní yí ohunkóhun padà. Fulgencio kà á sí ìwà ìrẹ̀lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìwé ń ti ọ́fíìsì yẹn jáde lọ sí olú ìlú ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó lẹ́wà jù nínú gbogbo ìjọba, gbogbo wérewère orí Fulgencio sì wà nínú rẹ̀ láìdín ẹyọ kan: odò gbígbẹ tó ní kí ọmọ ogun wa ọkọ̀ gbà, ìlú tó kó lọ sí ẹkùn tí kì í ṣe tirẹ̀, Gat Marilag tó ní kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ afárá. Àwọn akọ̀wé ní olú ìlú ń pe ara wọn wá kà á. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n yọ Fulgencio nípò. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i títí dòní. Basilisa mọ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ìwà ìkà ni, Poro kò sì bá a jiyàn.

Ó padà sídìí àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ti lé ní ẹgbàajì ọ̀rọ̀ nígbà náà, kò sì sí ẹni tó béèrè láti tẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án, bí Basilisa bá ń hun aṣọ lábẹ́ ilé wọn tí wọ́n gbé sórí òpó, Poro á gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á máa ka ohun tó kọ fún un. Ní ọjọ́ kan ó ka ọ̀rọ̀ kan tó ní ó túmọ̀ sí afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkè wá ní ìgbà ìkórè. Basilisa dá iṣẹ́ dúró.

"Irọ́ ni," ó ní. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Afẹ́fẹ́ orí omi là ń pè bẹ́ẹ̀."

Poro ní ó dá òun lójú. Basilisa bi í léèrè ibi tó ti gbọ́ ọ gan-an, lẹ́nu ta ni, lọ́jọ́ wo. Poro ronú sí i títí. Kò rí ẹni tó lè dárúkọ. Ó ki kálámù bọ inú tàdáwà, ó sì fi ìlà kan pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.